Ẹ Sún Sí Ọ̀tún

Ìgbà àkọ́kọ́ tí atúnkámẹ́ràṣe rí i, orí rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ lókè. Ó gbé lẹ́ǹsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ nù sókè wo ojú fèrèsé ni, ó sì rí ọmọbìnrin kan nínú rẹ̀ tó dorí kodò, tó ń sọdá títì bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó wọlé tó kí i, inú lẹ́ǹsì ni ọkùnrin náà ṣì ti ń wò ó.

Ayàwòrán ni ọmọbìnrin náà. Lẹ́ǹsì ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé ló gbé wá, kí ó bá a nu eruku inú rẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, àmọ́ ojoojúmọ́ ni ọmọbìnrin náà ń wá wò ó. Àwọn méjèèjì mọ̀ pé kì í ṣe eruku ló ń fà á. Ọkùnrin náà pè é ní ẹyinjú òun. Ọmọbìnrin náà ní kó rọra, ẹni tó ń tún ojú kámẹ́rà ṣe lè máa pe gbogbo ojú bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ò tíì tán tí wọ́n fi ń sọ ti ìgbéyàwó.

Ẹ̀rín náà ló fa àṣìṣe. Àwọn lẹ́ǹsì irú kan náà wà lórí tábìlì, èyí tí kì í ṣe ti ọmọbìnrin náà ni ọkùnrin náà dì fún un. Nígbà tí ọmọbìnrin náà dá a padà, ọkùnrin náà ní ilé iṣẹ́ kan ló ṣe gbogbo wọn, ìyàtọ̀ wo ló lè wà?

"Ti màámi máa ń ṣú díẹ̀ lápá òsì," ọmọbìnrin náà fèsì. "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ní kí gbogbo èèyàn sún sí ọ̀tún."

Inú bí bàbá ọmọbìnrin náà nígbà tó gbọ́. Ó ní ẹni tí kò dá ohun ìyàwó òun mọ̀, ṣé ọmọ òun ló máa dá mọ̀ láàárín àwọn obìnrin? Kó má ṣe dé ẹnu ọ̀nà òun mọ́.

Ọ̀rọ̀ náà wọ ọkùnrin náà lákínyẹmí ara. Ó lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, ó sì ń fi lẹ́ǹsì orí tábìlì kọ̀ọ̀kan ya fọ́tò rẹ̀. Ọ̀kan mọ́lẹ̀ láàárín ju etí lọ, àwọ̀ òmíràn pọ́n díẹ̀. Ọmọ ìyá ni wọ́n lóòótọ́, ìwà wọn ò jọra. Níkẹyìn, ó rí èyí tí lẹ́tà apá òsì ń ṣú bí ojú ẹni tó ń tòògbé. Ó dúpẹ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó gbé e lọ bá bàbá fúnra rẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, sà. Mo rò pé ohun tó bá jọra, ọ̀kan náà ni."

Bàbá fi lẹ́ǹsì náà sí kámẹ́rà, ó ní kí ọkùnrin náà àti ọmọ òun dúró síwájú ògiri. Ojú ń ti ọkùnrin náà, ó dúró sí etí lápá òsì.

"Àna mi," bàbá ní, "sún sí ọ̀tún. Ibi tó o wà yẹn ń ṣú, mo sì fẹ́ rí ọ dáadáa."

Ọmọbìnrin náà fà á lọ́wọ́ mọ́ra.

"Ẹ ṣé, bàbá mi," ó ní. Lẹ́yìn náà ó wo inú lẹ́ǹsì. "Ẹ ṣé, màámi."