Ẹni Tó Fi Òǹtẹ̀ Lu Lẹ́tà Mi

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, ẹrẹ̀ dé orúnkún mi, inú sì ń bí mi. Ìgbà kẹrin nìyẹn tí mo máa ti lẹ́tà mi gba ojú fèrèsé ọ́fíìsì ilẹ̀ rélùwéè. Akọ̀wé tuntun kan ló jókòó síbẹ̀. Ó wo lẹ́tà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wá bi mí bóyá odò ni mo gbà wá.

"Rárá," mo ní, "yàrá ìyá mi ni."

Ẹ̀rín tó fẹ́ rín kú sí i lẹ́nu. Ó ní kí n má bínú. Bó ṣe sọ ọ́ jẹ́jẹ́ yẹn ni ọkàn mi fò fẹ̀rẹ̀. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, ojú rẹ̀ tutù.

Pọ́ńbà ni mí, páìpù omi ni mò ń tò. Iṣẹ́ tí bàbá mi fi sílẹ̀ kó tó kú ni. Òkìtì ojú irin ló sé omi mọ́ àdúgbò wa. Bí òjò bá ti rọ̀, omi á lọ kọlu òkìtì náà, á sì padà wá bá wa nílé. Òfin kò sì ṣòro. Ẹni tó bá fẹ́ gbé gọ́tà gba abẹ́ ojú irin, kó kọ lẹ́tà pẹ̀lú àwòrán. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fi òǹtẹ̀ lù ú, rélùwéè ní ọgọ́ta ọjọ́ láti ṣe iṣẹ́ náà, tàbí kí wọ́n kọ ìdí tí wọn ò fi gbà. Bí wọ́n bá dákẹ́, ẹ gbẹ́ ẹ fúnra yín, ẹ ṣáà má fọwọ́ kan irin.

Ìdí nìyí tí ọ̀gá ojú irin kì í fi í jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu lẹ́tà kankan. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, wọ́n á ní kò dé ọ̀dọ̀ àwọn rárá. Ọ̀gá ọ̀hún sì ni bàbá akọ̀wé mi.

Akọ̀wé mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fi òǹtẹ̀ lù ú. Gbàm. Ó fi ẹ̀dà kan lé mi lọ́wọ́.

Ọgọ́ta ọjọ́ yẹn la fi fẹ́ra. Lọ́sàn-án, á wá bá mi níbi tí mo ti ń so páìpù, á máa dí mi lọ́wọ́, á ní, "Olómi mi, ó ku ọjọ́ mẹ́tàdínlógún." Ìyá mi ní aboyún nìkan lòun mọ̀ tó ń ka ọjọ́ báyìí.

Bàbá rẹ̀ gbọ́ nípa èmi kó tó gbọ́ nípa lẹ́tà. Ó ránṣẹ́ pè wá, ó wo bàtà rọ́bà mi, ó ní ọmọ òun kò ní lọ fẹ́yàwó nínú ẹrẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ kí i tẹ́lẹ̀. Mo dìde kó tó ní kí n dìde.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta, gbogbo àdúgbò gbé ṣọ́bìrì jáde. A ti gbẹ́ ẹ dé ìdajì kí bàbá tó dé. Mo fi ẹ̀dà lẹ́tà lé e lọ́wọ́. Ó kà á, ó tún un kà.

"Ta ló lu èyí?"

Olólùfẹ́ mi nàró nínú kòtò. "Èmi ni, bàbá. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe."

"O mọ̀ pé o ò níṣẹ́ mọ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ilé tí wàá sùn ńkọ́?"

Ó wò mí. "Ilé ìyá ẹ̀ ò ní pẹ́ gbẹ."

Àdúgbò bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń sunkún ní tèmi, ojú ò sì tì mí. Bàbá ò lè dá wa dúró, òfin ò sí lẹ́yìn rẹ̀. Ó yí padà, ó lọ.

Kọ́ọ̀tù la ti ṣègbéyàwó. Nínú ẹbí ọkọ mi, ìyá rẹ̀ nìkan ló wá. Ó ní ẹni bá fẹ́ kó lé òun náà jáde. Bí a ṣe ń padà bọ̀ lòjò dé, gbogbo wa bá sáré lọ wo páìpù tí a tò sínú kòtò náà. Omi ń wọ́ lọ lábẹ́ irin bí ẹni pé ibẹ̀ lọ̀nà rẹ̀ láti ilẹ̀ wá.

Bàbá dúró lódìkejì tòun ti agboòrùn, ó tẹjú mọ́ ẹnu páìpù.

"Páìpù yìí wọ́," ló wí. "Ta ló tò ó?"

"Ọmọ yín ni, sà," mo ní. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì nínú wa.

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó tún un wò. "Kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́."

Ó na agboòrùn náà sí mi lókèèrè. Mi ò gbà á. Mo ní ọmọ rẹ̀ lòjò ń pa.

Bàbá wo ọmọ, ọmọ wo bàbá. Ìgbà tó yá, ọ̀gá ojú irin ki bàtà dídán rẹ̀ bọ inú ẹrẹ̀ wa, ó ń bọ̀.