Ẹni Tí Ọmọ́níkẹ́ Kúnlẹ̀ Kí

Mímí ọkùnrin náà ni Ọmọ́níkẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ kó tó gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń dirun lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Tejúoṣó, bí ẹni tí ajá lé. Òórùn òjò wà lára aṣọ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ló wí. "Láti Jíbówú ni mo ti ń tẹ̀ lé arábìnrin yìí bọ̀."

Àǹtí Mobọ́lá tó ni ṣọ́ọ̀bù pariwo. "Kí ló dé tí ẹ ń tẹ̀ lé ọmọ ọlọ́mọ?"

"Mo rí i bí wọ́n ṣe fi ọ̀pá sọdá títì láàárín àwọn bọ́ọ̀sì ọlọ́nà jíjìn, wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹnu yà mí ni."

Ọwọ́ Ọmọ́níkẹ́ ò dúró lórí irun tó ń dì. Láti ìgbà tí àìsàn ti gba ìríran rẹ̀ ní kékeré ló ti ń fi ìka ṣe ojú. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ẹ kọ́kọ́ mí ná. Ẹ má wá kú sí wa lọ́rùn."

Ẹ̀rín ló fi dáhùn, ẹ̀rín náà sì dùn létí. Kọ́lápọ̀ lorúkọ rẹ̀. Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣe awò ojú kan ní Yábà, tó ní kámẹ́rà kékeré níwájú, tó sì ń sọ ohun tó bá rí sétí ẹni tó wọ̀ ọ́. Ó ń wá ẹni tí ò ríran tí yóò bá wọn wọ̀ ọ́ káàkiri, tí yóò sì sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó sí fún wọn láìṣojúsàájú.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, Kọ́lápọ̀ á mú awò wá, wọn á jọ rìn. "Àtẹ̀gùn wà níwájú." "Kòtò wà lọ́wọ́ òsì." Ohùn Kọ́lápọ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n gbà sínú rẹ̀.

"Ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ tún wà nínú etí mi," Ọmọ́níkẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan. "Ìgbà wo ni mo fẹ́ sinmi lọ́wọ́ yín?"

"Má sinmi o, Àbẹ̀kẹ́ mi."

Ọmọ́níkẹ́ dúró sójú kan. Ọ̀dọ̀ Àǹtí Mobọ́lá ni Kọ́lápọ̀ ti lọ wádìí oríkì rẹ̀. Láti ìgbà tí bàbá Ọmọ́níkẹ́ ti kú, ẹnikẹ́ni ò fi pè é mọ́. Ìfẹ́ wọ̀ ọ́ lára nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì bá a jà.

Ìyá Kọ́lápọ̀ ni ìṣòro. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ ni, Súrùlérè ló ń gbé, Kọ́lápọ̀ nìkan ló sì bí. Ó ti sọ ọ́ títí pé òun ò fẹ́ ìyàwó tí ọmọ òun yóò máa fà lọ́wọ́ kiri.

"Wọ awò, fi ọ̀pá sílẹ̀," Kọ́lápọ̀ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ kí ìyá náà. "Jẹ́ kí màámi kọ́kọ́ fẹ́ràn ẹ ná. Tó bá yá, a máa sọ fún wọn."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ọmọ́níkẹ́ wọ egungun. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ a máa sọ ọlọ́gbọ́n di òmùgọ̀. Ó wọ awò, ó ká ọ̀pá rẹ̀ sínú báàgì.

Nígbà tí wọ́n dé pálọ̀, Kọ́lápọ̀ yà sí kíṣínì lọ pe ìyá rẹ̀. Wọ́n ti sọ fún Ọmọ́níkẹ́ pé àbúrò bàbá Kọ́lápọ̀ ń bọ̀ wá bá wọn jẹun. Bó ṣe yíjú báyìí, awò sọ̀rọ̀: "Ọkùnrin àgbàlagbà kan wà níwájú rẹ."

Ó kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un kí. Ọmọ tí wọ́n kọ́ kì í dìde nígbà tí àgbà ò tíì ní kó dìde, nítorí náà ó wà níbẹ̀, ó tẹrí ba, orúnkún ń ro ó lórí táìlì.

Ẹsẹ̀ wọlé, ó sì dúró.

"Ta lò ń kí?" ìyá Kọ́lápọ̀ béèrè, ohùn rẹ̀ gbẹ. "Fọ́tò bàbá Kọ́lápọ̀ nìyẹn. Wọ́n ti kú."

Fọ́tò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó ènìyàn, ara ògiri ni wọ́n gbé e tì. Awò ò mọ àwòrán yàtọ̀ sí alààyè. Kọ́lápọ̀ tó ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ ò sì rántí rẹ̀ rárá. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Tiwọn ò tilẹ̀ dé ìdí oúnjẹ.

"Kọ́lápọ̀, ọmọ yìí ò ríran," ìyá ní. "O mọ̀. Ẹ jọ wá tàn mí jẹ nínú ilé ọkọ mi."

"Màámi, awò yẹn ló..."

"Kì í ṣe awò." Ọmọ́níkẹ́ bọ́ ọ, ó nà án síbi tí ohùn Kọ́lápọ̀ wà. "Àwa méjèèjì la purọ́. Ẹ forí jì mí, mà. Àìríran mi ò dójú tì mí rí, àfi lónìí."

Ó yọ ọ̀pá rẹ̀, ó ń fi í kan ilẹ̀ títí ó fi dé ìta.

Kọ́lápọ̀ wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. "Mo nífẹ̀ẹ́ ẹ, Àbẹ̀kẹ́."

"Mo mọ̀. Mo nífẹ̀ẹ́ ìwọ náà, ó sì ń dùn mí. Ṣùgbọ́n ilé tí mo bá ní láti fara pamọ́ kí n tó wọ̀, mi ò lè gbé inú ẹ̀."

Ó gbọ́ bí Kọ́lápọ̀ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn díẹ̀díẹ̀. Omijé Ọmọ́níkẹ́ ń kán sórí irun oníbàárà.

Òjò rọ̀, ó dá, ó tún rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ẹnì kan gun àtẹ̀gùn wá, ó ń mí hẹlẹ, ó jókòó sórí àga, ó ṣí gèlè. Ọmọ́níkẹ́ fọwọ́ kan irun náà. Ó ti ta kókó, ọwọ́ onídìrí ò kàn án láti ọjọ́ pípẹ́.

"Láti ìgbà tí bàbá Kọ́lápọ̀ ti kú ni mi ò ti dirun," obìnrin náà ní.

Ọmọ́níkẹ́ dá a mọ̀. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, ìyá dì í mú.

"Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Ìyàwó tí ò ríran kọ́ ni mo tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọlé lọ́jọ́ yẹn, orí ìkúnlẹ̀ lo wà, ò ń dúró kí ọkọ mi dá ẹ lóhùn. Láràárọ̀ lèmi náà ń kí wọn, tí mò ń dúró. Kò sẹ́lòmíì tó ń kí wọn mọ́ nílé yẹn." Ó fọn imú. "Bá mi dirun. Tó bá tọ́ lójú ẹ, wá sílé ní Sátidé. Mú ọ̀pá ẹ dání."

Ní Sátidé, Ọmọ́níkẹ́ ò wọ awò. Bó ṣe wọ pálọ̀, ó gbọ́ gbì nílẹ̀ níwájú rẹ̀. Kọ́lápọ̀ ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Àbẹ̀kẹ́, mo jẹ̀bi. Èmi lẹ̀rù ń bà, mo wá ń fi ẹ́ pamọ́. Jọ̀ọ́, fẹ́ mi, tìwọ tọ̀pá ẹ, níṣojú gbogbo ayé."

"Dìde, kí aṣọ ẹ má baà dọ̀tí," ó ní, ẹ̀rín àti ẹkún pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. "Mo gbà."

Ìyá fà á lọ́wọ́ lọ síbi ògiri, ó gbé ìka rẹ̀ lé gíláàsì tútù. "Ẹni tó o kọ́kọ́ kí nínú ilé yìí nìyí. Tún wọn kí."

Ọmọ́níkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán, sà."

Ó tẹrí ba, ó ń dúró. Lẹ́yìn náà ló gbọ́ tí orúnkún àgbà kan rọra kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, tí ọwọ́ kan sì bà lé e lórí.

"Wọ́n ti gbọ́," ìyá ní. "Wọ́n ní kí o dìde, ìyàwó wa."