Òdòdó Tí Kò Yẹ Kó Sún Mọ́ Iná

Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ gbé àbẹ́là sórí àwo irin, ó ṣáná sí i, ó sì ní kí àwọn ọmọ kíláàsì máa bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ gé díẹ̀ lára òwú yín," ni ó wí. "Ẹ fi ẹ̀mú mú un, kí ẹ nà án sínú iná. Bí ó bá jó bí ìwé, tí ó di eérú, òwú gidi nìyẹn, èyí tí wọ́n gbìn lóko. Bí ó bá súnkì, tí ó yọ́, tí ó ń kán tótó, òwú ọ̀rá ni. Ẹ lè fi ìyẹn hun fìlà. Ẹ má fi hun ohun tí ènìyàn máa fi gbé ìkòkò gbígbóná, torí pé ó máa yọ́ mọ́ onítọ̀hún lọ́wọ́."

Iṣẹ́ tí ó gbé fún wọn ni aṣọ ìgbékòkò tí a hun bí òdòdó. Irin ìhun kan tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ni wọn yóò fi ṣe é. Wọn yóò kọ́kọ́ hun àárín rẹ̀ ní róbótó, wọn yóò hun ewé òdòdó yí i ká, wọn yóò sì hun ìpele kejì sẹ́yìn rẹ̀ kí ó lè nípọn. Èyí tí ó bá dára jù lọ ni wọn yóò gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́, níbi tí gbogbo òbí yóò ti rí i.

Láàárín àwọn ọmọ náà ni ọmọbìnrin kan wà tí wọ́n ń pè ní Abẹ́rẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì yá sí ohunkóhun tó bá jẹ mọ́ rírán tàbí híhun. Kò sí iṣẹ́ ìwé tí wọ́n ti pe orúkọ rẹ̀ síwájú rí. Ìdánwò ìṣirò máa ń lù ú bolẹ̀, àròkọ rẹ̀ kì í ju ojú ewé kan lọ. Iṣẹ́ híhun yìí ni ó wò pé yóò gba òun lọ́wọ́ ìtìjú. Ìyá rẹ̀, tí ó ń ṣe búrẹ́dì tà, yóò rí orúkọ ọmọ rẹ̀ lókè lẹ́ẹ̀kan.

Òwú gidi wà nínú àpò rẹ̀. Ó lágbára, ṣùgbọ́n àwọ̀ rẹ̀ rí bí omi tí a fi fọ ilẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Oge, nítorí pé kì í rìn kọjá dígí láìdúró, gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí i padà sọ́tùn-ún sósì.

"Kí lo fẹ́ fi èyí hun?"

"Òdòdó ni."

"Òdòdó tó ń ṣàìsàn ni, àbí èyí tó ti kú, tí a ń wá ibi tí a máa sin ín sí?"

Àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín. Abẹ́rẹ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dé inú rẹ̀. Oge wá fa òwú pupa kan àti òwú òféèfèé kan yọ. Wọ́n ń tàn yinrinyinrin. Àǹtí rẹ̀ ni ó ń tà wọ́n.

"Gba èyí," ni Oge wí. "Ìwọ lo mọ iṣẹ́, èmi mo mọ ohun tó ń wu ojú. Bí a bá pa á pọ̀, ta ló máa borí wa?"

Nígbà tí ó kan Abẹ́rẹ́, olùkọ́ ti yíjú sí ọmọ kan tí òwú rẹ̀ lọ́ mọ́ ẹsẹ̀ àga. Abẹ́rẹ́ na òwú pupa náà sínú iná. Kíá ni ó súnkì. Ó yọ́, ó kán sórí àwo irin, ó sì di horo dúdú kan tó le bí òkúta wẹ́wẹ́. Abẹ́rẹ́ wo horo náà. Ó fi èékánná ṣí i kúrò, ó jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀, ó sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tí ó ń sọ fún ara rẹ̀ ni pé ara ògiri ni òdòdó náà yóò wà. Ta ni yóò fi ohun tó rẹwà báyìí gbé ìkòkò? Ó tún ní òun yóò hun ún kó nípọn, iná kò ní ráyè. Ẹni tó bá fẹ́ tan ara rẹ̀ jẹ kì í wá àwáwí tì.

Ó hun ún dáadáa. Mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú híhun rẹ̀ bá ara wọn mu, ewé òdòdó náà tò tẹ̀lé ara wọn láìsí èyí tó tóbi ju èkejì lọ, àárín rẹ̀ sì pọ́n bí oòrùn àárọ̀. Nígbà tí olùkọ́ gbà á, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sún mọ́ fèrèsé láti wò ó.

"Ó ń tàn," ni olùkọ́ wí. "Òwú gidi kan wà tó máa ń tàn báyìí. O ti fi iná yẹ̀ ẹ́ wò?"

"Mo ti fi iná yẹ̀ ẹ́ wò, mà."

Kò parọ́. Kò sì sọ òtítọ́. Olùkọ́ mọ̀ ọ́n sí ọmọ tó máa ń fara balẹ̀, kò bi í ní ìbéèrè mìíràn.

Òdòdó Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ wọ aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀ wá. Ó dúró pẹ́ níwájú òdòdó náà débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ní kó sún díẹ̀. "Ẹ má bínú," ni ó wí fún wọn, "ọmọ mi ló ṣe é." Láti ọjọ́ náà ni àwọn ọmọ kíláàsì ti ń bẹ Abẹ́rẹ́ pé kó kọ́ àwọn. Ó kọ́ wọn nígbà ìsinmi ọ̀sán. Ọwọ́ Oge ni wọ́n ti ń gba òwú, nítorí kò sí ẹni tó tún fẹ́ òdòdó tó ń ṣàìsàn.

Nílé, ìyá rẹ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri, ó gbé òdòdó náà kọ́ ọ. Ọkàn Abẹ́rẹ́ balẹ̀. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kì í ṣe ẹni tó lè fi ojú wo ohun èlò kó má lò ó. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọ ọ́ kúrò lára ìṣó, ó ń fi í gbọn ìyẹ̀fun kúrò lápá.

"Màmá, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀."

"Kí ló fẹ́ máa ṣe níbẹ̀? Ṣé òun ló ń gbé ògiri dúró ni?"

"Ó máa dọ̀tí."

"Ohun tó dọ̀tí, à á fọ̀ ọ́. O hun nǹkan fún ìkòkò, o ní ká máa kí i káàárọ̀. Àkísà tí mo fi ń fa agolo búrẹ́dì jáde nínú ààrò ti tán lọ́wọ́ mi, ó ti ya." Ó wo ojú ọmọ rẹ̀. "Àbí nǹkan wà ńbẹ̀?"

Ibẹ̀ gan-an ni ó ti yẹ kó sọ ọ́. Ó la ẹnu. Ó rántí bí ìyá rẹ̀ ṣe dúró níwájú òdòdó náà níbi ìpàtẹ.

"Kò sí nǹkan, mà," ni ó wí, ó sì gbé báàgì rẹ̀ láti máa lọ sílé ẹ̀kọ́.

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ìta tí ó gbọ́ tí agolo búrẹ́dì dún lórí sìmẹ́ńtì. Nígbà tí ó padà wọlé, ìyá rẹ̀ dúró níwájú ààrò, ó di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú pẹ̀lú ọwọ́ òsì. Òdòdó náà lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Kò pariwo. Ó ń mí gúlegúle, bí ẹni tó gbé ẹrù tó wúwo jù fún un. Omi tútù ni Abẹ́rẹ́ ń dà sí i títí tí wọ́n fi dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì sì rọra yọ òwú pupa náà kúrò díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú awọ tó bá a lọ.

"Ta ló ta èyí fún yín?" ni nọ́ọ̀sì bi wọ́n.

"Kò sẹ́ni tó tà á," ni ìyá rẹ̀ dáhùn. "Ọmọ mi ló hun ún. Kò mọ̀."

Ọ̀rọ̀ méjì yẹn, "kò mọ̀", gún Abẹ́rẹ́ ju bí ìyá rẹ̀ ì bá ti gbá a létí lọ. Nígbà tí wọ́n padà délé, ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá àga ìyá rẹ̀.

"Mo mọ̀, Màmá. Mo fi iná yẹ̀ ẹ́ wò. Ó yọ́ lójú mi."

 Ìyá rẹ̀ ń wo aṣọ funfun tí wọ́n fi di ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ tí ó fi ń po ìyẹ̀fun.

"Nígbà tí mo bi ọ́ láàárọ̀, o mọ̀?"

"Mo mọ̀, mà."

"Ó dára. Ọwọ́ mi á san. Ìwọ ni o máa po ìyẹ̀fun láàárọ̀ títí tí yóò fi san, o ò sì ní pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́." Ó gbé ojú sókè. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ tí o kọ́, òwú wo ni wọ́n fi hun tiwọn?"

Abẹ́rẹ́ tẹ orí ba.

"Àwọn náà ní ìyá," ni obìnrin náà wí. "Dìde. Iwájú mi kọ́ ló yẹ kí o wà báyìí."

Ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni Oge ti pàdé rẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ṣùgbọ́n ó di apá Abẹ́rẹ́ mú.

"Má sọ ọ́ ní gbangba. A máa gba tiwọn padà díẹ̀díẹ̀. A máa sọ pé ewé rẹ̀ kan wọ́, pé a fẹ́ tún un ṣe. Bí o bá sọ ọ́, wọ́n á já orúkọ rẹ lulẹ̀, wọ́n á sì ní àǹtí mi ń ta ikú."

"Díẹ̀díẹ̀ kẹ̀?" ni Abẹ́rẹ́ bi í. "Ìyá ta ni kí a fi ṣe ìkẹyìn?"

Oge jọ̀wọ́ apá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ wọlé, ó tọrọ ààyè lọ́wọ́ olùkọ́, ó dúró níwájú, ó sì sọ ọ́ láti orí dé ẹsẹ̀: àbẹ́là, horo dúdú, bàtà tí ó fi tẹ̀ ẹ́, ìdáhùn tí ó fún olùkọ́, àti ọwọ́ ìyá rẹ̀. Kò fo ọ̀kankan.  Lójijì, ọmọbìnrin kan tí ó jókòó lẹ́bàá fèrèsé dìde, ìwé rẹ̀ tú ká sílẹ̀.

"Ìyá mi máa ń sọ ìkòkò kalẹ̀ ní ọ̀sán," ni ó wí.

"Sáré," ni olùkọ́ dá a lóhùn.

Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń retí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣí ìwé. Nígbà tí ó padà dé, òógùn bò ó, òdòdó pupa kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò tíì kan iná. Ó jù ú sórí tábìlì níwájú Abẹ́rẹ́, ó lọ jókòó, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí sáà ẹ̀kọ́ náà fi parí.

Nígbà tí àwọn yòókù ti kó tiwọn wá tán, wọ́n yọ orúkọ Abẹ́rẹ́ kúrò nínú àwọn tó gbégbá orókè. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan tí ó kọ́ ní iṣẹ́ náà kò kí i mọ́. Ìyẹn náà kò burú jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ má rò pé ẹni tó bá sọ òtítọ́ tó ti pẹ́ ni a ó pàtẹ́wọ́ fún; òtítọ́ tó pẹ́ máa ń gba owó orí pípẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Ẹ sọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó mọ ibi tí ewu wà tí ó dákẹ́, òun gan-an ló gbé ewu náà lé ọmọlàkejì lọ́wọ́, ì báà jẹ́ pé ó hun ún bí òdòdó.