Ọkọ̀ tí Ràímì Ní Wọ́n Jí

"Wọ́n jí ọkọ̀, ìwọ obìnrin yìí ò tilẹ̀ sunkún! Àbí ìwọ lo rán àwọn olè náà sí mi ní Asejire?"

Ràímì ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ mọ́ Sàlámọ̀tù ìyàwó rẹ̀, ìyá Ṣàmsúdéènì, níwájú ilé wọn n'Íkirè. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ aláìnítìjú! Òógùn ojú Sàlámọ̀tù ni wọ́n fi ra pikọ́ọ̀pù náà. Dòdò Ìkirè tó ń dín, tí èéfín ń ta á lójú, òun ló di ọkọ̀ tó ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá láti Ararọ̀mí-Òwu. Wíwà ni Ràímì ń wà á. Àfìgbà tó fẹ́ Mùnírátù s'Ápòmù ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní tòun.

Oníbàárà Sàlámọ̀tù kan láti Ìkòyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àpòmù ti rí ọkọ̀ náà lẹ́yìnkùlé ẹ̀gbọ́n Mùnírátù, tapólì ni wọ́n fi bò ó. Ó dun Sàlámọ̀tù wọ egungun, nítorí Ràímì ti fi Kùránì búra pé olè ló gbà á. Mùnírátù ló kó sí i lórí pé inṣọ́ránsì á san owó ọkọ̀ tuntun, wọ́n á tún ta èyí tí wọ́n gbé pa mọ́, wọ́n á fi kọ́lé fún òun.

Òpònú ni Ràímì. Ó ti kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ inṣọ́ránsì pé kí wọ́n sanwó, kò sì bèèrè irú èyí tó wà lórí ọkọ̀. Sàlámọ̀tù tó sanwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó sì panu mọ́. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé ojú gbogbo ẹbí ni wọ́n á ti tẹ́.

Ó lọ bá Bàbá Gàrúbà, olórí ẹbí ọkọ rẹ̀, ó tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún wọn. Bàbá ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Olúgbémi, òṣìṣẹ́ inṣọ́ránsì, kó wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mùnírátù náà yọ láti Àpòmù, ó kun àtíkè, ó wá jókòó bí ìyálé.

"Tádípátì lẹ ṣe," ni Olúgbémi wí. "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọkọ̀ yín bá kọlu ẹlòmíràn, tàbí tó ba nǹkan rẹ̀ jẹ́, àwa la ó sanwó fún onítọ̀hún. Ọkọ̀ tiyín ò sí níbẹ̀. Wọn ì báà jí i, ì báà jóná."

Ó ní èyí tó ń san ti ọkọ̀ ẹni wà lọ́tọ̀, òun ló sì wọ́n jù.

"Ṣé kọ́bọ̀ ò sí ni?" ni Ràímì bèèrè.

"Kò sí, sà."

Ràímì wúkọ́, ó sì fipá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n bá òun dúpẹ́, òun gbàgbé láti sọ pé wọ́n ti rí ọkọ̀ náà láàárọ̀.

"Níbo?" ni Bàbá Gàrúbà bi í.

Ràímì wo Mùnírátù.

"Má wò mí o! Ta ló wà á wọ ẹ̀yìnkùlé ẹ̀gbọ́n mi? Ṣé èmi ni mo mọ ọkọ̀ wà?"

Bàbá Gàrúbà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Ràímì, wọ́n fi lé Sàlámọ̀tù lọ́wọ́. Wọ́n ní ẹni tó fi Kùránì búra èké kò gbọdọ̀ sùn nínú agbo ilé àwọn mọ́. Olúgbémi ní kí ènìyàn béèrè owó ọkọ̀ tí wọn ò jí, jìbìtì ni, ló bá gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ. Kí Ràímì tó jáde látìmọ́lé, Mùnírátù ti kẹ́rù, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kan lẹ́yìn náà, òòrùn mú ganrínganrín. Ràímì dúró létí títì Àpòmù pẹ̀lú àpò lórí, ó rí pikọ́ọ̀pù tó ń bọ̀, ó na ọwọ́. Sàlámọ̀tù ní kí dírẹ́bà òun dúró. Ó yọ orí síta.

"Bàbá Ṣàmsúdéènì, ọkọ̀ wo lẹ fẹ́ wọ̀? Ṣebí wọ́n ti jí i ní Asejire."

Ó ní kí dírẹ́bà máa lọ.