Ta Ni Kí Araba Rán Lọ Bẹ Dókítà?

Ẹni tó bá ti dúró níwájú pátákó ìkéde rí, láàárọ̀ ọjọ́ tí èsì ìdánwò jáde, mọ bí àyà ṣe ń já. Ní fásitì kan létí òkun, ní ilẹ̀ àwọn Fante ní Gánà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹja ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ fọ́fọ́. Ẹni tó rí èsì tirẹ̀ ń fò sókè. Ẹni tí kò tíì rí i ń fi ìgúnpá ti ẹni tó dí i lójú.

Araba Eduful wo iwájú orúkọ rẹ̀, ó tún un wò. Gbogbo iṣẹ́ ló ní máàkì. Iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá nìkan ni iwájú rẹ̀ ṣófo, funfun báláú.

"Ekuwa, bá mi wò ó. Ṣé ojú mi ni?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Ekuwa na ọrùn. "Kì í ṣe ojú rẹ o. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ta ló bójú tó iṣẹ́ rẹ?"

"Dókítà Paintsil."

"Hẹn-ẹn! Bàbá aláìrẹ́rìn-ín. Ó ti jẹ ẹ́ nìyẹn, ó tún ti fi omi lé e."

Araba kò rí nǹkan ẹ̀rín níbẹ̀. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá pé, orúkọ rẹ̀ kò ní bá ti àwọn yòókù lọ fún ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, kò sì ní rí ibi iṣẹ́ ìsìnlú lọ. Ìyá rẹ̀, tó ń yan ẹja ní Moree, ìlú apẹja kan nítòsí, ti rán aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń yan ẹja tilẹ̀ ti fi Araba ṣe orin, wọ́n ń kọ ọ́ nídìí ààrò:

Araba wa ń bọ̀ o,
Ó wẹ̀wù gígùn, ó dé fìlà onígun,
Èéfín tó ń ta wá lójú,
Òun ló rán an lọ ilé ìwé.

"Lọ bá a ní ọ́fíìsì," Ekuwa wí.

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ọkùnrin yẹn á kàn máa wo òkè àjà ni, bí èèyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀."

"Kọ ọ́ sínú gúrúùpù nígbà náà. Bí gbogbo ayé bá rí i, ojú á tì í, á dá ọ lóhùn."

Gúrúùpù Wasáàpù ẹ̀ka náà ló ń wí. Akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ló jọ wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kéde àkókò iṣẹ́ àti yàrá ìdánwò. Araba yọ fóònù. Kò kí ẹnikẹ́ni. Kò sọ iṣẹ́ tó ń bèèrè. Ohun tó kọ kò ju èyí lọ: "Dókítà Paintsil, ẹ gbé máàkì mi jáde níbi tí ẹ gbé e pamọ́ sí. Gbogbo wa la mọ ìwà yín."

Ló bá di ariwo. Ẹnìkan ní bàbá ti fi máàkì náà jẹ kẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo ilẹ̀ wọn. Ẹlòmíràn gbé àwòrán kan síbẹ̀, ó ti gé orí Dókítà lẹ orí ẹja yíyan. Àwọn tí máàkì tiwọn pé pérépéré ló ń rẹ́rìn-ín jù.

Kí oòrùn tó wọ̀, Dókítà Paintsil fi ohùn ara rẹ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, gbogbo èèyàn sì gbọ́ ọ. "Araba Eduful, iṣẹ́ wo lo fún mi tí mo fẹ́ fún ọ ní máàkì? Ọ̀lẹ paraku! Ìdí ààrò ìyá rẹ ni kí wọ́n ti fi ọ́ sílẹ̀. Èéfín ló kún orí rẹ."

Ọmọ Moree kan wà nínú gúrúùpù náà. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún sì dé ìdí ààrò kí wọ́n tó yí ẹja padà.

Ní ilẹ̀ Fante, ẹni tó bá ṣẹ àgbà kì í fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Yóò wá ẹnìkan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo, onítọ̀hún ni yóò bá a gbé ẹ̀bẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ilẹ̀ nìyẹn, ìyá Araba kò sì mọ ọ̀nà mìíràn. Ó gbé ìbínú tirẹ̀ mì. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Egya Kwansa, tó jẹ́ àgbà ìjọ. Wọ́n di ẹja yíyan sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n ra ìgò ṣìnáàpù kan. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n mú Araba lẹ́yìn, ó di ẹnu géètì Dókítà.

"Àgò o, onílé!"

Dókítà Paintsil yọjú. Ó rí apẹ̀rẹ̀, ó rí ìgò, ó rí Araba tó sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Kí lẹ gbé wá?"

Egya Kwansa sọ aṣọ rẹ̀ kalẹ̀ kúrò ní èjìká, bí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ṣe ń ṣe níwájú ẹni tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. "Ẹ̀bẹ̀ ni, Dókítà. Ọmọ yìí fẹnu kọ. Ẹ wo ojú wa, kí ẹ bá a wá máàkì rẹ̀."

"Ẹ gbé e kúrò níbí! Bí ẹnikẹ́ni bá ya èmi àti ìgò yẹn ní fọ́tò, iṣẹ́ mi lọ nìyẹn. Wọ́n á ní mò ń ta máàkì."

"Ta ló sọ̀rọ̀ títà? Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ̀."

"Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò lè gbà yín sílé." Ó ti géètì.

Ìyá Araba gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ rù. Wọ́n rìn díẹ̀ kó tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọkùnrin yìí kò ní ẹbí ni?"

"Ó ní. Ẹ̀rù ló ń bà á."

"Ẹ̀rù ẹja yíyan? Òun tí wọ́n ń pè ní dókítà ẹja?"

Araba ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Ó ti rí i pé dípò kí ọ̀rọ̀ òun rọ̀, ńṣe ló tún le sí i.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ àti ìgò náà dé etí Dókítà Botwe, ó sì ránṣẹ́ pe Araba. Obìnrin náà ni olùdámọ̀ràn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá.

"Jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ kẹ́ńkè, mà."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn ún gbọ́ pẹ̀lú ebi. Ní Moree, bí o bá ṣẹ àgbà, irú ẹni wo lo máa rán?"

"Ẹni tó sún mọ́ onítọ̀hún, mà. Ẹni tó máa ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́."

"Ní ẹ̀ka yìí ńkọ́, ta nìyẹn?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Èmi ni. Torí ẹ̀ nìkan ni wọ́n ṣe fún mi ní àga yìí. A ka gbogbo ìlànà ẹ̀ka sí yín létí lọ́sẹ̀ tí ẹ wọlé, ẹ̀yin ń ya ara yín ní fọ́tò. Ìlànà wa kò ní kí o má bẹ̀bẹ̀, Araba. Ọ̀nà tí ẹ̀bẹ̀ máa gbà ló là sílẹ̀. Olùkọ́ rẹ lo máa kọ́kọ́ kọ̀wé sí, láti orí ímeèlì tí ẹ̀ka fún ọ. Wàá kí i. Wàá dárúkọ ara rẹ, nọ́mbà rẹ àti iṣẹ́ tó o ń bèèrè. Wàá ní sùúrù fún un. Bí kò bá dáhùn, wàá wá bá mi. Bí agbára mi kò bá ká a, a ó jọ lọ bá olórí ẹ̀ka. Ilé olùkọ́ kò sí lójú ọ̀nà yẹn rárá, ìgò kò sì sí níbẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ó bú ìyá mi, mà."

"Mo gbọ́ ọ. Ìlànà yẹn kan náà ló de òun náà. Olùkọ́ kò gbọ́dọ̀ bú akẹ́kọ̀ọ́, ká má tíì sọ òbí rẹ̀. Mo ti gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ olórí ẹ̀ka láàárọ̀ yìí, kò sì ní lọ bẹ́ẹ̀. Wá sọ fún mi, báwo lo ṣe fi iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́?"

"Mo fi í sórí fóònù Dókítà ní Wasáàpù."

"Kí ló dé tí kò gba orí ímeèlì ẹ̀ka?"

"Àwọn ló ní ká máa fi í síbẹ̀, mà. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ń falẹ̀."

Dókítà Botwe ké sí Paintsil nínú ọ́fíìsì tó kángun sí tirẹ̀. Ó wọlé, ó wo òkè àjà. "Mi ò rí iṣẹ́ kankan gbà," ó wí. "Ìgbà wo ló fi ránṣẹ́?"

"Ọ̀sẹ̀ tí ẹ lọ sórí ọ̀sà lọ wọn ẹja, sà," Araba dáhùn.

Ojú Dókítà Paintsil rọra sọ̀ kalẹ̀ láti òkè àjà. "Fóònù mi," ó wí jẹ́jẹ́. "Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ láti fa àwọ̀n, ó bọ́ nínú àpò àyà mi sínú ọ̀sà. Mo sọ fún wọn ní kíláàsì pé kí wọ́n tún fi iṣẹ́ wọn ránṣẹ́."

"Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, sà. Mi ò gbọ́."

"Ó ye mi wàyí," Dókítà Botwe wí. "Àwọn ẹja ti ka iṣẹ́ Araba tán. Ó kù kí wọ́n fún un ní máàkì."

Araba fi ọwọ́ bo ẹnu. Dókítà Paintsil, bàbá aláìrẹ́rìn-ín, wúkọ́ wúkọ́, ó sì rẹ́rìn-ín.

Ibẹ̀ ni Araba ti kọ ímeèlì rẹ̀: "Ẹ káàárọ̀, Dókítà Paintsil. Èmi ni Araba Eduful, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá. Mo tún fi iṣẹ́ ìwádìí mi ránṣẹ́ síhìn-ín, torí fóònù yín tó sọnù. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ ṣeun." Ó so iṣẹ́ náà mọ́ ọn. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi í ránṣẹ́ ṣì wà lórí fóònù tirẹ̀, olórí ẹ̀ka rí i, ó sì gbà pé kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ìbínú wà níbẹ̀, olùkọ́ mìíràn bá Paintsil kà á.

Inú gúrúùpù tí wọ́n ti bú ara wọn náà ni olórí ẹ̀ka ní kí wọ́n ti tọrọ àforíjì. Araba kọ́kọ́ kọ tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Dókítà Paintsil kọ pé: "Mo fẹnu kan ìyá Araba, kò sì tọ́. Mo pe ọmọ rẹ̀ ní ọ̀lẹ, irọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ wà níwájú mi, ó dára." Ẹni tó ṣe àwòrán ẹja yọ ọ́ kúrò fúnra rẹ̀. Orúkọ Araba pẹ́ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù kó tó lọ, ṣùgbọ́n ó lọ.

Lẹ́yìn ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, Dókítà Paintsil ya Moree. Ó dúró nídìí ààrò bí oníbàárà.

"Ẹ káàsán, màámi. Ẹja yín ni mo wá rà."

Ìyá Araba wò ó láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀rù ẹja yíyan kò bà yín mọ́?"

"Bí mo bá ti san owó rẹ̀, kò bà mí."

Àwọn obìnrin ìdí ààrò bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n yan èyí tó sanra fún un, ó sì sanwó.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi gúrúùpù ṣe ilé ẹjọ́. Bí nǹkan bá ṣófo níwájú orúkọ yín, ẹ kọ̀wé sí ẹni tó kàn, kí ẹ kọ ọ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́, lórí ímeèlì ẹ̀ka, níbi tí omi kò ti lè gbé e lọ. Kí ẹ tó rán ẹnikẹ́ni lọ bẹ̀bẹ̀, ẹ bèèrè ẹni tí ẹ̀ka yín ti yàn fún iṣẹ́ yẹn. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi apẹ̀rẹ̀ àti ìgò sílé. Ẹ̀bẹ̀ lẹ pè é o, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ẹlòmíràn máa rí. Ẹ̀yin olùkọ́ náà, ọ̀wọ̀ tí ẹ ń retí, ẹ fún ọmọ ọlọ́mọ níwọ̀n tirẹ̀. Ọ̀nà tí ìlànà là sílẹ̀, ẹ má fi fóònù yín dí i, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀ sí ọmọ bí ẹni pé kò ní ìyá.

Ní Moree, orin náà ti yí padà:

Araba wa ti dé o,
Ó wẹ̀wù gígùn, ó dé fìlà onígun,
Kí wọn kí o tó bèèrè,
Dárúkọ rẹ kí wọ́n mọ̀ ọ́,
Ẹ̀bẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ o,
Araba ti mọ̀ ọ́n.