Ó Gbéra Láago Méjìlá, Ó Balẹ̀ Láago Méjì

Ọjọ́ tí aránṣọ gbé aago ògiri bàbá rẹ̀ tó ti dolóògbé lọ fún ọkùnrin tó ń tún aago ṣe, ọkùnrin náà kò tilẹ̀ wo aago. Ojú aránṣọ ló ń wò.

"Ẹ jọ̀ọ́, aago ló ń ṣàìsàn, kì í ṣe èmi."

"Mo mọ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ni."

Ẹ̀rín ti bọ́ lẹ́nu aránṣọ kó tó rántí pé òun fẹ́ fajú ro. Iṣẹ́ ọjọ́ kan di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ojoojúmọ́ ló ń wá bẹ aago wò. Ìgbà tí aago fi máa délé, ìfẹ́ ti rán àwọn méjèèjì pọ̀.

Ìyá aránṣọ fẹ́ràn ọkùnrin yìí. Jẹ́jẹ́ ló ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń fara balẹ̀ sọ̀rọ̀. Àmọ́ Jẹ́jẹ́ ti ríṣẹ́ sókè òkun, ìyá sì ti fàáké kọ́rí pé ọmọ kan ṣoṣo tí òun bí kò ní relé ọkọ níbi tó jìnnà. Aránṣọ fẹ́ràn Jẹ́jẹ́ dé ọkàn, ṣùgbọ́n kò lè fi omijé ìyá rẹ̀ rán aṣọ ìgbéyàwó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Jẹ́jẹ́ mú ìwé bàálù wá. Ìyá gbé awò sójú, ó kà á.

"Ó gbéra láago méjìlá, ó balẹ̀ láago méjì." Ó bọ́ awò, ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Wákàtí méjì péré? Ibi tí mo ti ń bá ọ ra bọ́tìnì jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ máa lọ, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti gbà."

Aránṣọ yára tẹ Jẹ́jẹ́ lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Jẹ́jẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ìyá.

"Kì í ṣe wákàtí méjì, mà. Mẹ́sàn-án ni. Aago ọ̀hún ni wọ́n fi kọ méjì yẹn, ó sì ń fi wákàtí méje rìn lẹ́yìn tibí. Tí oòrùn bá wà láàrin orí wa, ilẹ̀ ò tíì mọ́ wọn dáadáa."

Ìyá dìde. Ó wọ yàrá, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"Ta ló bi ọ́?" Aránṣọ kọjú sí Jẹ́jẹ́. "Obìnrin yìí ti gbà fún wa, o wá tú u ká."

"Olólùfẹ́ mi, tí wákàtí méjì bá pé, ìyá á jókòó ti fóònù, á máa retí ohùn rẹ. Àwa ṣì wà lójú ọ̀run. Báwo lo ṣe fẹ́ kí ọkàn rẹ̀ rí?"

Aránṣọ wá ìbínú rẹ̀ tì. Ẹkún ló rí.

Nígbà tí ìyá jáde, aago ògiri wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e síwájú Jẹ́jẹ́.

"Gbogbo ìrìn àjò bàbá ẹ̀, 'mò ń bọ̀ kíá' ló máa ń wí fún mi. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Yí i sí tọ̀hún. Mi ò fẹ́ máa pè yín nígbà tẹ́ ẹ bá ń sùn."

Jẹ́jẹ́ fi ìka da ọwọ́ aago padà sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀.

"Bíbọ̀ ò tó lílọ, mà. Tá a bá ń bọ̀ wálé, afẹ́fẹ́ á máa ti bàálù lẹ́yìn. A ò ní lò tó mẹ́sàn-án."

Ìyá gbé aago náà fún ọmọ rẹ̀ pé kó fi kọ́ ògiri.

"Afẹ́fẹ́ yẹn mọ ohun tó ń ṣe," ó ní.