Páànù Tó Wà Lábẹ́ Wàláà

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Bùsírátù bá Fájẹ́misìn sọ, yẹ̀yẹ́ ni.

"Ṣé ẹ̀yin ni wọ́n ní kó wá tún wàláà wa ṣe? Mo rò pé àgbàlagbà onígíláàsì kan ló ń bọ̀."

"Ẹ má bínú," Fájẹ́misìn dáhùn, "ojú mi ṣì ń ríran. Òun náà ni mo fi ń rí yín yìí."

Bùsírátù rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti fún un ní ìjókòó.

Ọdún 1988 ni, nílé Alàájì Sàlàhúdíìnì, oníṣòwò àdìrẹ ní Ìgbẹ̀ìn. Alàájì ra kọ̀ǹpútà láti Lọ́ńdọ̀nù, pẹ̀lú pátákó pẹlẹbẹ kan tó ní kálàmù tirẹ̀. Ohun téèyàn bá yà lórí pátákó yẹn ló yẹ kó hàn lójú kọ̀ǹpútà. Wàláà ni gbogbo ilé ń pè é, torí ó jọ wàláà ilé kéwú. Bùsírátù, ọmọ Alàájì, tó mọ àdìrẹ yà ju gbogbo wọn lọ, ló fẹ́ máa lò ó. Àmọ́ wàláà àti kọ̀ǹpútà kò gbọ́ ara wọn yé. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ránṣẹ́ sí Fájẹ́misìn, ọmọ àgbẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá tó kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà l'Ékòó.

Ó pààrọ̀ wáyà. Ó ki díìsìkì bọ kọ̀ǹpútà, èyí tí yóò jẹ́ kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé. Ìlà sì yọ lójú kọ̀ǹpútà!

"Ó ń yà! Ó ń yà o!" Bùsírátù pariwo.

Àfi bí kálàmù ṣe dé àárín tí ìlà náà wọ́, bí ìgbà téèyàn ń yà fún ejò lọ́nà. Ó tún fà á, ó tún wọ́, níbì kan náà gan-an. Bùsírátù ju kálàmù sílẹ̀.

Fájẹ́misìn ń lọ, ó ń bọ̀. Inú ẹ̀rọ ló ń wò ṣáá, kò wo abẹ́ rẹ̀. Ìfẹ́ ní tirẹ̀ kò dúró de àtúnṣe.

"Àṣàkẹ́," ó fi oríkì pè é lọ́sàn-án ọjọ́ kan, "mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya."

"Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín. Àmọ́ ẹ̀rù ìlà yẹn ń bà mí. Ó dà bíi pé ẹnì kan ń dì mí lọ́wọ́ mú."

Fájẹ́misìn lọ dọ̀bálẹ̀ fún Alàájì. Alàájì dá a lóhùn.

"Olórìṣà ni bàbá rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Jùbrílù bàbá mi ló dá òwò yìí sílẹ̀. Ó ti kú, àmọ́ kò sí ohun tó wọlé yìí tí kò mọ̀. Ọjọ́ tí ìlà yẹn bá tọ́, kí ẹbí rẹ wá. Bí kò bá tọ́ kí ààwẹ̀ tó wọlé, bàbá mi ló kọ̀ ọ́ yẹn."

Áà! Alàájì tó ń bá àwọn olórìṣà jà ló ń sọ bẹ́ẹ̀!

Ààwẹ̀ ku ọ̀la. Bùsírátù wà nídìí aró lẹ́yìnkùlé. Ó ti rẹ Fájẹ́misìn. Ó gbé wàláà lé itan, ó fa ìlà. Ìlà tọ́ gbọnrangandan! Ó gbé e padà sórí tábìlì, ó wọ́. Ó ká aṣọ tábìlì sókè. Páànù ló bá níbẹ̀, páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà, tí wọ́n gé àwòrán àdìrẹ sí lára láti fi ya aṣọ. Páànù yìí ni kì í jẹ́ kí wàláà mọ ibi tí kálàmù wà. Ó yọ ọ́, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

"Àṣàkẹ́! Ó ti tọ́ o!"

Alàájì ló kọ́kọ́ sáré wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ́ sórí páànù. Ó dún gbà, ó kán sí méjì.

Páànù tí Jùbrílù fi bẹ̀rẹ̀ òwò ni. Àtìgbà tí Jùbrílù ti kú, páànù náà kò gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Gbogbo ilé ló mọ èèwọ̀ yìí, wọn ò rántí sọ fún àlejò. Alàájì fúnra rẹ̀ ló rọra tẹ́ ẹ sábẹ́ aṣọ, kí ìbùkún bàbá rẹ̀ lè wọnú iṣẹ́ tuntun.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣa á méjèèjì.

"Ìlà ti tọ́," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ta ló gbé bàbá mi sílẹ̀?"

Bùsírátù dé, aró ní gbogbo ọwọ́. "Bàbá, ẹ dákun, kò mọ̀! Ẹ ti ṣèlérí!"

"Mo ní kí ẹbí rẹ̀ wá. Kí wọ́n máa bọ̀. Ilẹ̀kùn títì ni wọ́n máa bá."

Bùsírátù sin Fájẹ́misìn dé ìta. Ó di apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú, ó ń sunkún. Àmì aró ìka rẹ̀ ni Fájẹ́misìn gbé lọ sí Ọ̀dẹ̀dá. Lẹ́yìn Iléyá, wọ́n fi Bùsírátù fún oníṣòwò kan ní Aké, àmọ́ kò fi àdìrẹ yíyà fún bàbá rẹ̀ sílẹ̀.

Ọdún gorí ọdún. Lọ́jọ́ kan ìyá Fájẹ́misìn ra àdìrẹ tuntun láti Ìgbẹ̀ìn, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní. Gbogbo ìlà ara rẹ̀ ń bọ̀ tààrà, wọ́n dé àárín, wọ́n wọ́, wọ́n tún tọ́ padà.

"Irú kí lèyí?" ìyá ní. "Àṣé ẹ̀rọ àwọn ará Ìgbẹ̀ìn yẹn ti bàjẹ́?"

Fájẹ́misìn fọwọ́ tọ ìlà náà títí dé ibi tó ti wọ́. Ó mọ̀ pé Àṣàkẹ́ ló mọ̀ọ́mọ̀ yà á bẹ́ẹ̀.

"Kò bàjẹ́, ìyá mi. Èmi ni mo tún un ṣe."